Ìdáhùn Àná Kò Tó fún Ìdánwò Òní: Àlàyé fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Múra Ìdánwò lórí Ohun Tó Ń Lọ Lórílẹ̀-èdè

Lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti ṣe ìdánwò tí yóò sọ bóyá wọn yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí wọn yóò rí iṣẹ́ ìjọba. Ní Ìlọrin níbí, láti Tanke títí dé Gáà Àkànbí, a ń rí wọn pẹ̀lú ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá lọ́wọ́, tí wọ́n ń kọ́ ìdáhùn sórí. Ìṣirò wà nínú àwọn ìdánwò wọ̀nyí, èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan wà tó máa ń já àwọn tó mọ̀wé pàápàá kulẹ̀: ìmọ̀ nípa ohun tó ń lọ lórílẹ̀-èdè àti lágbàáyé. Wọ́n kàwé dáadáa, àmọ́ ìwé tí wọ́n kà ti gbó.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bí ìmọ̀ yìí ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìdáhùn tó gba máàkì lọ́dún 2023 lè gba òdo lónìí. Nítorí náà ni a ṣe kọ àlàyé yìí, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa àti ẹ̀yin òbí wọn lè mọ ohun tí ìdánwò náà ń béèrè, ohun tó ti yí padà, àti bí a ṣe ń múra sílẹ̀ fún un.

Ibi tí a ti ń bá ìbéèrè yìí pàdé

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ìbéèrè nípa ohun tó ń lọ máa ń gbà wọlé. Èkíní ni ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àjọ JAMB, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1978, kò ní iṣẹ́ tó dá dúró tó ń jẹ́ ohun tó ń lọ. Ìbéèrè 60 ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò UTME, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù sì ní 40 ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ìmọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ yóò bá ọ̀pọ̀ rẹ̀ pàdé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń bi í nínú ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ti JAMB.

Èkejì ni ìdánwò ìgbanisíṣẹ́: iṣẹ́ ọba, iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ààbò ìlú àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìdánwò ìgbéga fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Òṣìṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè nípa ẹni tó wà nípò àti òfin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ẹ̀yà ìmọ̀ mẹ́ta

Ó yẹ kí olùdíje kọ́kọ́ pín ìmọ̀ yìí sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ̀yà kìíní ni ìtàn, èyí tí kì í yí padà. Ọjọ́ 1, oṣù Kínní, ọdún 1914 ni Lugard so Gúúsù àti Àríwá pọ̀. Ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1960 ni a gba òmìnira, ọjọ́ kan náà lọ́dún 1963 sì ni ọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní olórí orílẹ̀-èdè wa. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje, ọdún 1967, ó parí ní oṣù Kínní, ọdún 1970. Ọjọ́ 22, oṣù Kárùn-ún, ọdún 1973 ni ìjọba Gowon dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991 ni olú-ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá. Ẹni tó bá kọ́ wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan ti kọ́ wọn títí ayé.

Ẹ̀yà kejì ni ohun tí òfin gbé kalẹ̀, tí òfin sì lè yí padà: orin orílẹ̀-èdè, owó oṣù tó kéré jù lọ, ọjọ́ ìsinmi, iye ọjọ́ orí tí a fi ń díje. Ẹ̀yà kẹta ni ipò àti ẹni tó wà níbẹ̀, èyí tí ìbò, ìyànsípò, ìfẹ̀yìntì tàbí ikú lè yí padà nígbàkígbà. Ẹ̀yà kejì àti ẹ̀kẹta ni ìwé àtijọ́ ti máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé

Ó máa ń dun ni nígbà tí ọmọ Kwara bá pàdánù máàkì lórí ìbéèrè nípa Kwara. Ọjọ́ 27, oṣù Kárùn-ún, ọdún 1967 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ pẹ̀lú mọ́kànlá mìíràn, láti ara ẹkùn Ìlọrin àti ẹkùn Kàbbà ní Àríwá àtijọ́. Orúkọ tí a kọ́kọ́ fún un túmọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Àárín Ìwọ̀-Oòrùn. Lẹ́yìn náà ni a fi orúkọ tí àwọn ará òkè ń pe odò Ọya, ìyẹn Kwara, sọ ọ́. David Bamigboye ni gómìnà ológun àkọ́kọ́. Adamu Attah ni gómìnà alágbádá àkọ́kọ́, lọ́dún 1979.

Kwara tí a dá sílẹ̀ nígbà náà tóbi ju ti òní lọ. Lọ́dún 1976, a yọ ilẹ̀ Ígálà kúrò, a fi kún Ìpínlẹ̀ Benue. Lọ́jọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, a dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, Lọ́kọ́ja àti Kàbbà sì bá a lọ. Ní àkókò kan náà ni apá kan ilẹ̀ Bọ̀rgú bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Niger. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún ẹni tó ń ka ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú ọdún 1991. Ìwé náà yóò sọ fún un pé Kwara ni odò Ọya ti pàdé odò Benue, nítorí Lọ́kọ́ja wà lábẹ́ Kwara nígbà náà. Yóò sọ pé Kwara ni ìdídò Kainji wà, nítorí New Bussa wà lábẹ́ Kwara. Òótọ́ ni ìwé náà sọ lọ́jọ́ tí a tẹ̀ ẹ́. Lónìí, Kogi ni ìdáhùn àkọ́kọ́, Niger ni èkejì.

Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Kwara. Ní ẹkùn Àríwá, a ní Baruten, Kaiama, Edu, Pategi àti Moro. Ní ẹkùn Àárín Gbùngbùn, a ní Ìlọrin Ìlà-Oòrùn, Ìlọrin Gúúsù, Ìlọrin Ìwọ̀-Oòrùn àti Asà. Ní ẹkùn Gúúsù, a ní Ọ̀fà, Ọ̀yún, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfẹ́lódùn, Ìsin, Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Èkìtì. Kí olùdíje má ṣe rò pé Èkìtì tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí jẹ́ àṣìkọ: ìjọba ìbílẹ̀ Kwara ni, ó yàtọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó jẹ́ aládùúgbò wa. Aṣòfin 24 ló wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti aṣojú-ṣòfin mẹ́fà ló ń ṣojú wa ní Àbújá.

Kókó kan tún wà tí a fẹ́ tẹnu mọ́. Bí a bá pín Nàìjíríà sí ẹkùn mẹ́fà, Àríwá Àárín Gbùngbùn ni Kwara wà, pẹ̀lú Benue, Kogi, Nasarawa, Niger àti Plateau. Nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ń sọ Yorùbá, àwọn olùdíje kan máa ń kọ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn. Èdè kọ́ ni a fi pín ẹkùn. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan iṣẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí abala 14 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé kí ipò ìjọba àpapọ̀ má ṣe kó sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí a ti wá ni a ó fi wò wá. Bí ìdánwò bá sì béèrè ibi tí a kọ́kọ́ kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní Nàìjíríà, ìdáhùn náà kò jìnnà: Ẹ̀sìẹ́ ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, lọ́dún 1945.

Ohun tí òfin ti yí padà

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù lọ ni orin orílẹ̀-èdè. Orin tí Lillian Jean Williams kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí Frances Benda sì ṣe ohùn rẹ̀, ni a fi gba òmìnira lọ́dún 1960. Lọ́dún 1978, a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí a mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ láti inú iṣẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà márùn-ún, tí Benedict Odiase ti ẹgbẹ́ akọrin ọlọ́pàá sì ṣe ohùn rẹ̀. Lọ́jọ́ 29, oṣù Kárùn-ún, ọdún 2024, Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu òfin tó dá orin àkọ́kọ́ padà. Nítorí náà, bí ìbéèrè bá jẹ́ ẹni tó kọ orin orílẹ̀-èdè tí a ń kọ lọ́wọ́lọ́wọ́, ìdáhùn tó tọ́ fún ọdún 46 ti di àṣìṣe. Ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè tí Felicia Adebola Adedoyin kọ kò kúrò ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àsíá tí Taiwo Akinkunmi yàwòrán rẹ̀ kò yí padà. Akinkunmi fúnra rẹ̀ di olóògbé ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2023.

Àyájọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa pẹ̀lú ti yí padà. Ọjọ́ 29, oṣù Kárùn-ún ni a fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, nítorí ọjọ́ náà ni ológun gbé ìjọba fún alágbádá lọ́dún 1999. Láti ọdún 2019, ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà ni, ní ìrántí ìbò ọdún 1993 tí Olóyè M.K.O. Abiola díje nínú rẹ̀, tí ìjọba ológun sì fagi lé. Ọjọ́ 29, oṣù Kárùn-ún ṣì jẹ́ ọjọ́ tí a fi ń búra fún Ààrẹ tuntun. Olùṣètò ìdánwò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò da méjèèjì pọ̀.

Owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ 18,000 náírà lọ́dún 2011, ó di 30,000 lọ́dún 2019, ó sì di 70,000 nígbà tí Ààrẹ buwọ́ lu òfin tuntun ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 2024. Òfin náà tún dín àkókò àtúnyẹ̀wò rẹ̀ kù láti ọdún márùn-ún sí mẹ́ta. Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè méjì ló wà nínú òfin kan yìí.

Ní ti ọjọ́ orí olùdíje, òfin tí a buwọ́ lù ní ọjọ́ 31, oṣù Kárùn-ún, ọdún 2018 dín ti Ààrẹ kù láti ọdún 40 sí 35, ó sì dín ti aṣojú-ṣòfin àti ti aṣòfin ìpínlẹ̀ kù láti 30 sí 25. Kò fọwọ́ kan ti sẹ́nétọ̀ àti ti gómìnà, tí wọ́n ṣì wà ní ọdún 35.

Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń lò báyìí ni èyí tí a buwọ́ lù ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, tó rọ́pò ti ọdún 2023. NELFUND ni àjọ tó ń pín owó náà. Lọ́jọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Lọ́jọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, Ààrẹ buwọ́ lu òfin owó orí mẹ́rin; ọ̀kan nínú wọn ló sọ àjọ FIRS di NRS.

Ipò àti ẹni tó wà níbẹ̀

Ní ẹ̀ka ìdájọ́, Kudirat Kekere-Ekun ni Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè yìí láti oṣù Kẹjọ, ọdún 2024, lẹ́yìn Olukayode Ariwoola. Obìnrin kejì tó dé ipò náà ni. Aloma Mariam Mukhtar ni àkọ́kọ́, lọ́dún 2012. Ní Àjọ Elétò Ìdìbò, INEC, Mahmood Yakubu parí iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, a sì búra fún Joash Amupitan, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin tó jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Kogi. Ẹ má ṣe gbàgbé pé INEC kọ́ ló ń ṣètò ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀. Àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Òun ló ṣètò èyí tí a dì ní Kwara ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Lókè òkun, Ngozi Okonjo-Iweala ṣì ni ọ̀gá àgbà àjọ ìṣòwò àgbáyé, ipò tó gbà ní oṣù Kẹta, ọdún 2021. Ṣùgbọ́n Akinwumi Adesina kò sí ní báńkì ìdàgbàsókè Áfíríkà mọ́: Sidi Ould Tah, ọmọ orílẹ̀-èdè Mauritania, ló gba ipò náà ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025. Ààrẹ Tinubu náà kò sí ní alága ECOWAS mọ́. Julius Maada Bio ti Sàró ló gbà á ní oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Bí olùṣètò ìdánwò ṣe ń ronú

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan ṣe àpẹẹrẹ. "Orílẹ̀-èdè mélòó ló wà nínú ECOWAS?" Àwọn ìdáhùn tí a tò sílẹ̀ ni 12, 15, 16 àti 18. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan yóò rò pé a kàn mú nọ́ńbà wọ̀nyí láti ojú ọ̀run ni. Rárá o. Orílẹ̀-èdè 15 ló dá àjọ náà sílẹ̀ ní Èkó lọ́jọ́ 28, oṣù Kárùn-ún, ọdún 1975. Wọ́n di 16 nígbà tí Cape Verde wọlé lọ́dún 1977. Wọ́n padà sí 15 nígbà tí Mauritania jáde lọ́dún 2000. Lọ́jọ́ 29, oṣù Kínní, ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde pátápátá, ó wá ku 12.

Nínú ìdáhùn mẹ́rin, mẹ́ta ni ó ti tọ̀nà rí. Àṣà olùṣètò ìdánwò nìyẹn: òtítọ́ àná ló fi ń dẹ pàkúté. Bákan náà ni bí a bá béèrè iye ìpínlẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún kan pàtó. Ó jẹ́ 12 lọ́dún 1967, 19 lọ́dún 1976, 21 lọ́dún 1987, 30 lọ́dún 1991, ó sì jẹ́ 36 láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1996. Nítorí náà, kí olùdíje wo ọ̀rọ̀ tó sọ àkókò nínú ìbéèrè dáadáa: "àkọ́kọ́", "lọ́wọ́lọ́wọ́", "nígbà òmìnira". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni kọ́kọ́rọ́.

Iye ènìyàn náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ètò ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ni ti ọdún 2006, tó fi iye ọmọ Nàìjíríà sí 140,431,790, tó sì fi ti Kwara sí 2,365,353. Èyí tí a fẹ́ ṣe lọ́dún 2023 ni a sún síwájú. Iye tó ju 200 mílíọ̀nù lọ tí a ń gbọ́ lórí rédíò jẹ́ ìfojúbù. Bí ìbéèrè bá dárúkọ ìkànìyàn, ti ọdún 2006 ni kí ẹ kọ.

Bí a ṣe ń múra

Ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ pín ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́ta. Nínú ìlà kìíní, ẹ kọ ipò tàbí ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìkejì, ẹ kọ ìdáhùn. Nínú ìkẹta, ẹ kọ ọjọ́ tí ìdáhùn náà bẹ̀rẹ̀. Ìlà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ní, òun gan-an ló sì ń gba ni. Bí àyípadà bá dé, ẹ má ṣe pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ kọ tuntun sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè dáhùn bí a bá béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú.

Ẹ máa gbọ́ ìròyìn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ó kéré tán, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn fún oṣù mẹ́fà yóò mọ ohun tí ẹni tó há ìwé sórí fún ọ̀sẹ̀ kan kò lè mọ̀, nítorí yóò mọ ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé sórí WhatsApp pé a ti yọ ẹnì kan nípò, ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé títí ẹ ó fi rí i lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó kàn tàbí ilé ìròyìn méjì tó ṣeé gbára lé. Bí ẹ bá sì ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí a tẹ̀ ẹ́. Ẹ lò ó láti mọ irú ìbéèrè tí a ń béèrè, kí ẹ sì fúnra yín wá ìdáhùn tòní.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìrètí

A kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí láìrántí ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2014. Lọ́jọ́ náà, àjọ tó ń mójú tó wíwọlé àti jíjáde lórílẹ̀-èdè yìí pe àwọn tó ń wá iṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri ìlú fún ìdánwò. Ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn tó fẹ́ ipò tí kò tó 5,000, a sì ti gba 1,000 náírà lọ́wọ́ wọn. Èrò pọ̀ ju àyè lọ ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin. Kò dín ní ènìyàn 16 tó kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀, aboyún sì wà nínú wọn. Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n, wọ́n jáde nílé láti ṣe ìdánwò, wọn kò sì padà.

Láti ìgbà náà, púpọ̀ nínú ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n àìríṣẹ́ṣe tó kó èrò yẹn jọ kò tíì tán, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù tí ìjọba ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń ta ìwé tí wọ́n ní ó jẹ́ ìbéèrè ọdún yìí gan-an. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òbí pé àwọn yóò fi orúkọ ọmọ síbi tó yẹ. Àwọn àjọ ààbò ìjọba àpapọ̀ ti kéde léraléra pé fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́ wọn kì í ṣe títà. Ẹni tó bá béèrè owó lọ́wọ́ yín, ẹ yẹra fún un, kí ẹ sì fi tó àwọn agbófinró létí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wa fún àwọn ọmọ ní àyè láti gbọ́ ìròyìn, kí ẹ sì jọ sọ ohun tí ẹ gbọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tó ń lọ, kódà bí kò bá sí nínú ìwé iṣẹ́. Ẹ̀yin olùdíje, a kò lè ṣèlérí iṣẹ́ fún yín nínú àlàyé yìí, nítorí ipò kéré, àwọn tó ń wá a sì pọ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé níbi tí máàkì kan ti ń ya ẹni tí a mú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí a fi sílẹ̀, ìbéèrè tí ẹ lè mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí rédíò kò yẹ kó jẹ́ èyí tí ẹ ó pàdánù. Òpin ọdún 2025 ni a kọ ìdáhùn inú àlàyé yìí dé. Bí ẹ bá ń kà á lẹ́yìn ìgbà náà, pàápàá lẹ́yìn ìbò ọdún 2027, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ti yí padà kí ẹ tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.